Ọmọ Tí Ó Kọ́kọ́ Wọ Yunifásítì Nínú Ìdílé Rẹ̀: Bí A Ṣe Lè Sìn Ín Dé Ọjọ́ Ìgboyè

Àwọn àgbà ní ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́, àfi ẹni tí ó bá fi orí tì í dópin. Ọ̀rọ̀ yìí bá ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga mu púpọ̀. Nígbà tí ọmọ tálákà bá rí ààyè wọ yunifásítì, ìdílé rẹ̀ a yọ̀, ìjọ a bá a dúpẹ́ níwájú pẹpẹ, àwọn ènìyàn rere a sì dáwó fún un. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí í kéde nínú ilé ìsìn nígbà tí ọmọ kan náà bá fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ọdún kejì. Ńṣe ni yóò rọra padà sílé láìní oyè lọ́wọ́, gbèsè sì lè wà lọ́rùn rẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé ni àwọn ètò tí a gbé kalẹ̀ kí irú èyí má baà ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ó ti mú ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ wa, nítorí ó ti lé ní 60 ọdún tí wọ́n ti ń fi òfin àti owó ìlú ṣe é níbẹ̀, tí àwọn onímọ̀ sì ti wádìí èyí tí ó so èso àti èyí tí kò so. Lẹ́yìn náà ni a ó wo ohun tí àwọn ìjọ wa, nílé àti lókè òkun, lè rí kọ́ níbẹ̀.

Ta ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀?

Òfin Amẹ́ríkà ní ìtumọ̀ pàtó fún ẹni tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ nínú ìdílé rẹ̀. Òun ni ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò gba oyè yunifásítì, tí ìyá rẹ̀ náà kò sì gbà á. Bí ó bá jẹ́ pé òbí kan ṣoṣo ni ó ń tọ́jú rẹ̀, ti òbí yẹn nìkan ni a ó wò. Ní ti àìní, ìjọba àpapọ̀ wọn máa ń gbé òṣùwọ̀n kan jáde tí a fi ń mọ ìdílé tí ó wà nínú ìṣẹ́. Ìdílé tí owó tí ó ń san owó-orí lé lórí kò bá ju òṣùwọ̀n yẹn àti ìdajì rẹ̀ lọ ni a kà sí aláìní nínú àwọn ètò tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé owó nìkan ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní. Ojú tí ó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kí ó bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bí òkun ti rí fún ọmọ tí ará ilé rẹ̀ kankan kò tíì dé etí rẹ̀? Ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ti gba oyè ti gbọ́ nílé, láàárín oúnjẹ àti àwàdà, pé ènìyàn lè lọ bá olùkọ́ yunifásítì nínú ọ́fíìsì rẹ̀ láti béèrè ohun tí kò yé e. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ kan tí ó bá fìdí rẹmi nínú rẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ayé rẹ̀ ti bàjẹ́. Ó mọ̀ pé ọjọ́ tí a dá fún fọ́ọ̀mù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí kò ní ẹni tí ó lè sọ èyí fún un yóò kùnà lẹ́ẹ̀kan, yóò sì sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Ó dájú pé ibí yìí kì í ṣe ibi tí ó yẹ mí." Bẹ́ẹ̀ ni yóò kó ẹrù rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìṣírí kan ṣoṣo ni ì bá dá a dúró.

Ẹ tún fi kún un pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ alẹ́, tí wọ́n ń fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sílé, tí wọ́n sì ń bá àwọn òbí tọ́jú àbúrò. Ìnáwó kékeré kan, bí ọkọ̀ tí ó bàjẹ́ tàbí owó ilé tí ó pẹ́ díẹ̀, lè dá ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin dúró.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí kì í gba owó ilé-ẹ̀kọ́

Ọwọ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run kan ni ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ àkọ́kọ́ irú èyí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1855, Alàgbà John Fee, oníwàásù tí ó kórìíra òwò ẹrú, dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ìlú Berea ní ìpínlẹ̀ Kentucky, nígbà tí a ṣì ń kó ènìyàn lẹ́rú níbẹ̀. Àwọn jàǹdùkú lé òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde ní 1859, ṣùgbọ́n wọ́n padà. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ọmọ aláwọ̀ dúdú àti ọmọ aláwọ̀ funfun jọ ń jókòó kàwé ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Berea. Inú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, orí 17, ẹsẹ 26, ni wọ́n ti mú àkọlé ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Láti 1892 ni Berea kò ti gba owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Àwọn ọmọ ìdílé tí owó kò tó ni ó ń gbà jù, olúkúlùkù wọn sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ó kéré tán wákàtí 10 lọ́sẹ̀ nínú ọgbà. Ẹ kíyèsí ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀: gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́, nítorí náà kò sí ẹni tí iṣẹ́ dójú tì. Inú ọgbà kan náà sì ni iṣẹ́ náà wà, kò fa ọmọ kúrò nídìí ìwé lọ sí ọ̀nà jíjìn ní òru.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó jáde níbẹ̀ ni Carter Woodson. Ẹrú ni àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ kí òmìnira tó dé. Ó wa èédú nínú ilẹ̀ láti rí owó, ó sì ti pé ẹni ogún ọdún kí ó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ó gba oyè ní Berea ní 1903, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Harvard ní 1912, òun ni ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ní 1926. Ọdún kan péré lẹ́yìn tí ó gboyè ní Berea, ìyẹn ní 1904, ìpínlẹ̀ Kentucky ṣe òfin pé aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun kò gbọdọ̀ jọ kàwé mọ́. Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fọwọ́ sí òfin náà ní 1908, ó sì di 1950 kí ilẹ̀kùn Berea tó tún ṣí fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Nítorí náà, ilẹ̀kùn tí a bá ṣí lónìí lè tì lọ́la bí àwọn tí ó ń ṣọ́ ọ bá sùn.

Nígbà tí ìjọba dá sí i

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1964, Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin tí ó fi gbógun ti ìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Olùkọ́ ni Johnson fúnra rẹ̀ nígbà èwe. Ó ti kọ́ àwọn ọmọ tálákà tí ìran wọn wá láti Mexico ní ìlú Cotulla ní Texas ní 1928. Láti inú òfin 1964 yìí ni ètò Upward Bound ti jáde, fún àwọn ọmọ tí ó ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1965, Johnson tún lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí òun tìkára rẹ̀ ti jáde ní San Marcos láti fọwọ́ sí Òfin Ẹ̀kọ́ Gíga, èyí tí ó bí ètò Talent Search. Ní 1968, ẹ̀kẹta dé, tí a ń pè ní Student Support Services lónìí, fún àwọn tí ó ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Nítorí pé wọ́n jẹ́ mẹ́ta ni a ṣe sọ gbogbo wọn ní TRIO. Orúkọ náà kò yí padà bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti ju mẹ́ta lọ báyìí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́? Ìjọba àpapọ̀ kì í fi owó náà lé ọmọ lọ́wọ́. Yunifásítì, kọ́lẹ́ẹ̀jì tàbí ẹgbẹ́ àdúgbò ni ó ń kọ̀wé béèrè owó, tí yóò sì fi gba olùtọ́sọ́nà àti olùkọ́ sí iṣẹ́. Nínú ètò Upward Bound, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama a máa gba lẹ́sìn lẹ́yìn àkókò ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà ọlidé ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn a lọ gbé nínú ọgbà yunifásítì fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kí ojú wọn lè mọ́ ibẹ̀ kí wọ́n tó di akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Talent Search a máa tọ́ àwọn ọmọ sọ́nà láti kékeré, yóò kọ́ wọn bí a ti ń yan ilé-ẹ̀kọ́ àti bí a ti ń kọ fọ́ọ̀mù. Student Support Services ni yóò wá dúró tì wọ́n nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì, pẹ̀lú lẹ́sìn, ìmọ̀ràn lórí iṣẹ́ tí ó yẹ kí wọ́n yàn, àti àlàyé lórí owó ìrànwọ́. Òfin ní nínú Upward Bound àti Talent Search, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ tí a bá gbà gbọ́dọ̀ jẹ́ aláìní, kí wọ́n sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ nínú ìdílé wọn pẹ̀lú.

Ètò mìíràn nínú TRIO ń jẹ́ orúkọ Ronald McNair, ọmọ aláwọ̀ dúdú tí a bí ní ìlú Lake City ní South Carolina ní 1950. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé ní 1959, nígbà tí Ronald wà ní ọmọ ọdún 9, ó lọ yá ìwé ní ilé-ìkàwé ìlú, wọ́n sì kọ̀ fún un nítorí àwọ̀ rẹ̀, títí tí wọ́n fi pe ọlọ́pàá. Ọmọ náà kò kúrò níbẹ̀, ó sì mú ìwé rẹ̀ lọ sílé. Ó di ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ físíìsì ní 1976, ó sì wà lára àwọn méje tí ó kú nínú ọkọ̀ òfuurufú Challenger ní ọjọ́ 28 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1986. Ọdún yẹn gan-an ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin fi ètò tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sínú òfin, láti múra àwọn ọmọ aláìní sílẹ̀ fún oyè ọ̀mọ̀wé. Ilé tí ó jẹ́ ilé-ìkàwé náà ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a fi orúkọ rẹ̀ pè.

Àwọn ibi tí ọmọ ti ń ṣubú

Bí a bá fi ojú inú wo ọ̀nà yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a ó rí i pé ibi mẹ́ta ni ọmọ ti sábà máa ń ṣubú.

Èkínní ni fọ́ọ̀mù. Láti rí owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, títí kan ẹ̀bùn Pell tí kì í ṣe gbèsè, tí ó sì tó 7,395 dọ́là fún ẹni tí àìní rẹ̀ pọ̀ jù lọ ní ọdún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025, ọmọ gbọ́dọ̀ kọ fọ́ọ̀mù FAFSA. Ní ìparí 2023, wọ́n gbé fọ́ọ̀mù tuntun jáde ní oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn àkókò tí ó yẹ, ó sì kún fún ìṣòro. Ọmọ tí òbí rẹ̀ mọ ìwé rí ẹni bá a tẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Ọmọ tí kò ní irú òbí bẹ́ẹ̀ lè ti rẹ̀ kí ó tó dé ìdajì.

Èkejì ni oṣù díẹ̀ tí ó wà láàárín ìgbà tí a gba ọmọ wọlé àti ìgbà tí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn olùwádìí ti fi hàn pé àwọn ọmọ kan wà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ti gbà, tí inú wọn ti dùn, tí wọn kò sì ní dé ibẹ̀ rárá. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ti parí iṣẹ́ rẹ̀ lórí wọn, kọ́lẹ́ẹ̀jì kò sì tíì mọ̀ wọ́n. Lẹ́tà dé, kò yé wọn. Owó ìfidógò pọ̀n dandan, wọn kò ní in. Wọ́n sì dákẹ́.

Ẹ̀kẹta, èyí tí ó burú jù, ni ọdún kìn-ín-ní àti ọdún kejì nínú ilé-ẹ̀kọ́. Lórí èyí ni a fẹ́ dúró díẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kan láti New York

Ní 2007, Yunifásítì Ìlú New York bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí a ń pè ní ASAP nínú àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni àwọn ọmọ tí ó ń parí nínú irú kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀. Ètò náà béèrè pé kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kàwé ní kíkún, kì í ṣe ní ìdajì. Ní ìdáhùn, ètò náà san ìyókù owó ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ̀bùn ìjọba kò bo, ó ràn wọ́n lọ́wọ́ lórí ìwé kíkà, ó sì fún wọn ní káàdì tí wọ́n fi ń wọ bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin lọ́fẹ̀ẹ́ lóṣooṣù. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó yan olùtọ́sọ́nà kan fún olúkúlùkù, ẹni tí àwọn ọmọ tí ó ń bójú tó kò pọ̀ jù, tí ó mọ orúkọ wọn, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa rí déédéé. Ẹni tí kò bá lọ rí olùtọ́sọ́nà rẹ̀ lè pàdánù káàdì ọkọ̀.

Ilé-iṣẹ́ ìwádìí MDRC fi ìbò pín 896 akẹ́kọ̀ọ́ aláìní sí ọ̀nà méjì: àwọn kan wọ inú ètò náà, àwọn yòókù ń bá ẹ̀kọ́ wọn lọ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìdá 22 nínú 100 àwọn tí kò sí nínú ètò ni ó gboyè. Nínú àwọn tí ó wà nínú rẹ̀, ìdá 40 nínú 100 ni. Nígbà tí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́ta ní ìpínlẹ̀ Ohio ṣe irú rẹ̀, ìdá 19 di ìdá 35. Lóòótọ́, owó tí a ná lórí ọmọ kan nínú ètò ti New York pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣírò owó tí a ná lórí oyè kọ̀ọ̀kan tí a gbà, ti inú ètò náà ni ó kéré, nítorí owó tí a ná sórí ẹ̀kọ́ tí kò parí kò mú oyè kankan wá.

Ẹ wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀: owó ọkọ̀, ìwé, àti ẹnìkan tí ó ń béèrè rẹ. Kò sí ohun ìyanu kankan níbẹ̀. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé a kó wọn jọ pọ̀, a kò sì dáwọ́ dúró títí ọmọ fi jáde.

Àríyànjiyàn tí ó wà lórí rẹ̀

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ pé kì í ṣe gbogbo ètò ni ó ń so èso bákan náà. Ìwádìí ńlá kan tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe lórí Upward Bound, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2004, kò rí ìyàtọ̀ tí ó pọ̀ nínú iye gbogbo àwọn ọmọ tí ó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ṣùgbọ́n ó rí ìyàtọ̀ tí ó hàn gbangba láàárín àwọn tí kò retí tẹ́lẹ̀ pé àwọn lè gboyè. Àwọn alátìlẹ́yìn ètò náà sì jiyàn lórí bí a ti ṣe ìwádìí náà. Ohun tí a lè rí dì mú níbẹ̀ ni pé ọmọ tí ìrètí rẹ̀ kéré jù ni ìrànlọ́wọ́ ń yí padà jù.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, nínú àbá ìnáwó fún ọdún 2026, ìjọba Ààrẹ Donald Trump dábàá pé kí a fòpin sí TRIO, ètò tí ó ń sin àwọn ọmọ tí ó lé ní 800,000, tí owó rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí bílíọ̀nù 1.19 dọ́là ní ọdún ìnáwó 2024. Ọ̀kan nínú ìdí tí wọ́n sọ ni pé wíwọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í ṣe ìdènà fún àwọn aláìní mọ́ bíi ti àtijọ́. A kò fẹ́ dá sí òṣèlú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka ìròyìn ti New York yóò mọ̀ pé wíwọlé jẹ́ ọ̀rọ̀ kan, jíjáde pẹ̀lú oyè sì jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ohun tí ó kàn wá

Ní Nàìjíríà, ilẹ̀kùn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Òfin ẹ̀yáwó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a kọ́kọ́ fọwọ́ sí ní 2023 béèrè onídùúró, ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà kò sì mọ irú ẹni tí òfin náà fẹ́. Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí òfin tuntun ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024, èyí tí ó mú onídùúró kúrò. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà ni àjọ NELFUND bẹ̀rẹ̀ sí gba ìwé ìbéèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí èlé lórí owó náà. Ilé-ẹ̀kọ́ ni a ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún tààrà; ẹni tí ó bá béèrè owó ìtọ́jú a sì máa gba tirẹ̀ lọ́tọ̀, èyí tí ó jẹ́ 20,000 náírà lóṣù nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnrú ìlú ni òfin ní kí sísan padà bẹ̀rẹ̀.

Ohun rere ni èyí, ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó kò lè béèrè pé, "Ṣé o ti jẹun? Kí ló dé tí o kò lọ kíláàsì?" Ibẹ̀ ni ìjọ ti lè wúlò. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ìjọ kò nílò bílíọ̀nù dọ́là láti ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí:

Kí a ní ìwé kan tí orúkọ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìjọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n wọlé àti ọdún tí ó yẹ kí wọ́n jáde, kí a sì máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan.

Kí a yan àgbà kan tí ó ti gboyè fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tí kò ní irú rẹ̀ nílé. Kí ó máa pè é lórí fóònù lóṣooṣù, pàápàá lẹ́yìn tí èsì ìdánwò bá jáde.

Kí a ṣí ọ́fíìsì ìjọ sílẹ̀, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò, ní àkókò fọ́ọ̀mù JAMB, ti ẹ̀yáwó, tàbí ti FAFSA fún àwọn ìjọ wa ní Amẹ́ríkà. Kí àwọn òbí tí ó wà lọ́hùn-ún sì béèrè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ọmọ wọn bóyá Student Support Services wà níbẹ̀, àti bóyá ọmọ wọn yẹ fún un.

Kí a pín owó ìrànwọ́ ìjọ sí méjì. Kí a má ṣe ná gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ìwọlé. Kí a fi apá kan pamọ́ fún ìnáwó òjijì ọdún kejì àti ọdún kẹta, bí owó ọkọ̀, owó ilé àti owó ìwé.

Kí a sì kí àwọn tí ó kùnà káàbọ̀ láìbú wọn. Ọmọ tí ojú bá tì láti wọ ilé ìsìn kò ní jẹ́ kí a mọ̀ pé òun lè padà sí ilé-ẹ̀kọ́.

Ẹ̀yin àlùfáà wa, ẹ̀yin baba àti ìyá nínú ìjọ, ìdúpẹ́ ìwọlé dára, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dẹ́kun. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ẹ bá gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí, ẹ kọ ọdún tí ó yẹ kí ó jáde sílẹ̀, kí ẹ sì fi orúkọ ẹni kan tí yóò máa béèrè rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí ó bá gboyè lọ́nà bẹ́ẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ yóò bi léèrè lọ́la, ilé yẹn kò sì ní ṣe àjèjì sí yunifásítì mọ́.